Bọ̀ọ̀dá Yìnyín ti Àgbóyì

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo wọ ọkọ̀ láti ìhà Kétu, mo ń sọdá lọ kí àwọn èèyàn mi ní Àgbóyì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni mo rí ọmọkùnrin kan láàárín ọkọ̀. Ó dé fìlà onírun tó bo etí méjèèjì. Ó wọ kóòtù tó ki bíi tìmùtìmù. Ó tún wọ ìbọ̀wọ́. Oòrùn ọ̀sán gangan ni o, oòrùn tí ewúrẹ́ gan-an ń wá ibòji sá sí. Òógùn ń kán tó, tó, tó láti etí fìlà sínú kóòtù. Ìyá àgbà kan tó gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ lé ẹsẹ̀ wò ó títí, ó rọra sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó rò pé àìsàn ni.

Mo ní, "Àbúrò, ṣé kò sí?"

Ó ní, "Kò sí o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń jẹ́ kó mọ́ mi lára ni."

Ohun tó fẹ́ kó mọ́ ọn lára rèé: ó ń lọ sí Kánádà. Ó fẹ́ lọ fi ìgbà òtútù kan ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú orí òkè tí àwọn òyìnbó ti ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín. Gbogbo ètò ti parí. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kó sùn ni pé àwọn ìlú náà pọ̀, kò sì mọ èyí tí òun ì bá mú.

"Físà ńkọ́?"

"Ìyẹn ń bọ̀."

Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Ẹja yíyan ìyá rẹ̀ ni mò ń jẹ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó kéré fún mi. Bọ̀ọ̀dá Yìnyín ni gbogbo ọkọ̀ ń pè é báyìí. Ẹ jẹ́ káwa náà fi bẹ́ẹ̀ pè é.

Fún ẹni tí kò mọ Àgbóyì: bí ẹ bá kúrò láàárín ariwo Kétu ní Èkó, tí ẹ kọjú sí odò, omi ló wà láàárín ẹ̀yin àti àwa. Ọkọ̀ la fi ń gbé ìyàwó, ọkọ̀ la fi ń gbé sìmẹ́ǹtì, ọkọ̀ la fi ń gbé fíríìjì. Bí òjò bá wá pọ̀ jù lókè, tí àwọn tó ń ṣọ́ ìdídò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bá ṣí omi sílẹ̀, Odò Ògùn á gbé e wá, yóò sì wọlé tọ̀ wá láìkan ilẹ̀kùn. 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò náà. Ó ti rán omi sí wa lọ́pọ̀ ìgbà, kò rán owó rí.

Omi yìí ni Bọ̀ọ̀dá Yìnyín kórìíra. Lọ́dún tí omi wọ yàrá rẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan léfòó lọ sílé aládùúgbò, ó búra pé òun ò ní í gbé ìlú olómi mọ́. Ó wá wo gbogbo ayé. Ó wo Ìbàdàn, kò wù ú. Ó wo Oǹdó, kò wù ú. Ibi tó wù ú ni òkè kan tí yìnyín ń bọ́ lé lórí tó nǹkan bíi mítà 11 láàárín ọdún kan. Kí sì ni yìnyín? Omi náà ni. Omi tó joyè ni. Ọmọkùnrin yìí dìde kúrò lọ́dọ̀ omi mẹ̀kúnnù, ó ń sáré tọ omi ìjòyè lọ, ó sì fẹ́ san owó bàálù lé e.

Mo tẹ̀ lé e délé. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lọ́wọ́, èéfín bo ojú wọn. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé síkì fún àwọn, torí pé bí ọmọ àwọn bá ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ máa ń lọ́ pọ̀ ni. Mo ní, "Ìyá, wọ́n á de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n á mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Wọ́n á jókòó sórí àga tí wáyà ń fà gòkè. Bí wọ́n bá dé orí òkè, wọ́n á yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá délẹ̀, wọ́n á tún gòkè."

Ìyá yí ẹja kan padà. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n gbàgbé sókè?"

Mo ní wọn ò gbàgbé nǹkan kan.

Wọ́n ní, "Ta ló wá ń lé wọn?"

Mi ò rí èsì fún ìbéèrè yẹn títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí.

Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń ra tòmátì ní Mile 12. Oníbàárà tó gbọ́n kì í wo orí apẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ́n, tó tóbi, tó ń dán, ni wọ́n ń tò sókè. Yóò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, yóò gbóòórùn ọwọ́ náà, kó tó dá iye. Bọ̀ọ̀dá Yìnyín tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yìí, fọ́tò ló ń wò. Ó ṣí fóònù fún mi: òkè funfun, ọ̀run búlúù, àwọn ọmọge tí eyín wọn funfun ju òkè lọ. Orí apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo bá a ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀.

Whistler ló kọ́kọ́ mú. Ìlú ńlá ni lágbo síkì, nǹkan bíi wákàtí méjì sí Vancouver bí èèyàn bá gba ojú títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré síkì Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní 2010. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe gba orúkọ. London Mountain ni wọ́n ń pe òkè náà tẹ́lẹ̀. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ marmot, tó fara jọ òkété tó jẹun yó, tó máa ń dúró lórí àpáta, tó ń súfèé. Nítorí ìfé yẹn ni wọ́n ṣe yí orúkọ òkè padà sí Whistler, ìyẹn Asúfèé. Ẹ̀yin ará mi, ní Àgbóyì, bí ọmọdé bá súfèé lóru, ìyá rẹ̀ á gbá a lẹ́nu, torí pé ejò ló ń pè wọlé yẹn. Ọmọ wa wá fẹ́ lọ gbé ìlú tí wọ́n fi ìfé sọ lórúkọ, níbi tí ilẹ̀ ti ń tètè ṣú nígbà òtútù. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ìyá rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ Whistler ni ilé. Ìkànìyàn 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ìlú náà kò pé 14,000, ṣùgbọ́n bí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá dé tán, Mile 12 ọjọ́ ọdún ni. Ilé wọ́n bí ojú. Láti 1997 ni wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ nítorí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú nìkan, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tán. Ọ̀dọ́ tó bá wá fi sáà kan ṣiṣẹ́ á máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè á máa fì lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tútù á wà lórí gbogbo nǹkan tó bá ti lè gbé ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ tó ń ráhùn pé òun àti àbúrò òun ń pín yàrá ní Àgbóyì! Yóò dé ọ̀hún, yóò máa pín yàrá pẹ̀lú ọmọ Australia mẹ́ta tí wọ́n ń hanrun. Àwọn ọmọ Australia pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pe ìlú náà ní Whistralia.

Ó ní ó dáa, Banff nìyẹn.

Ara mi yá gágá nígbà tó dárúkọ Banff, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀. Banff wà ní Alberta, láàárín àwọn òkè Rockies, nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1885. Ibi síkì mẹ́ta ló yí i ká: Sunshine Village, Lake Louise àti Norquay. Torí pé inú ọgbà ìjọba ló wà, òfin kan wà níbẹ̀ tí mo ní kí Bọ̀ọ̀dá Yìnyín kà sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́: ẹni tí kò bá níṣẹ́ níbẹ̀, tí kò ní òwò níbẹ̀, tí kò sì sí nínú ìwọ̀nba àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún, kò gbọ́dọ̀ fi Banff ṣelé.

Ìyá fi irin ẹja sílẹ̀. "Tún un kà."

Ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín pé iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe pẹ́ jù láyé rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ìyá gbé ọwọ́ sókè ọ̀run. Wọ́n ní, "Olúwa, ìlú yẹn ni kó o gbé e lọ."

Ẹran ńlá kan tún wà ní Banff tó ń jẹ́ elk, ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ó tóbi ju àgbọ̀nrín lọ fíìfíì. Ó máa ń rìn gba àárín ìlú bí ẹni tó ń lọ san owó iná. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ Àgbóyì tó bá rí ẹran tó tó bẹ́ẹ̀ lójú títì kò ní í wá fóònù, ìkòkò ló máa wá. Mo ti kìlọ̀ fún un. Ẹran ọgbà ìjọba kì í ṣe ẹran ọbẹ̀, kódà kéèyàn kàn sún mọ́ ọn jù, ọ̀ràn ni.

A dé orí Fernie, ní British Columbia. Ìlú awakùsà ni, èédú ni wọ́n ń wà níbẹ̀ kí síkì tó dé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni mo fẹ́ràn. Wọ́n ní òyìnbó kan, William Fernie, rí ọmọbìnrin ìjòyè àwọn onílẹ̀ tó fi òkúta èédú ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó ṣèlérí pé òun á fẹ́ ẹ bí wọ́n bá lè fi ibi tí èédú wà han òun. Wọ́n fi hàn án, ló bá já ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà gbé àfonífojì yẹn ṣépè. Ní 1908, iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà kanlẹ̀, àwọn ará ìlú sì ka ọ̀rọ̀ náà mọ́ èpè. 1964 ni àwọn ìran onílẹ̀ wá ṣe ètùtù, wọ́n tú èpè náà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Yìnyín dákẹ́ lọ gbári. Gbogbo wa la mọ ọmọbìnrin tó ń ta aṣọ ní Ajélògo, tí Bọ̀ọ̀dá Yìnyín sọ fún pé òun ń bọ̀ wá mọ bàbá rẹ̀ lóṣù kejìlá. Oṣù kejìlá mẹ́ta ló ti kọjá. Ó fi ìka fa Fernie kúrò nínú fóònù, kò tún sọ ọ́ mọ́.

Revelstoke? Láti orí òkè síkì wọn dé ìsàlẹ̀, 1,713 mítà ni, kò sí ibi síkì kankan ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ gùn tó o. Òkè tó ga jù lọ tí ọmọ wa ti gùn rí ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ Mile 12, ó sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mont-Tremblant? Kebẹ́ẹ̀kì nìyẹn, Faransé ni wọ́n ń sọ. Gbogbo Faransé tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju èyí tó gbọ́ ní ẹnubodè Sèmè lọ, èyí tí wọ́n fi ń béèrè owó lọ́wọ́ èèyàn. Jasper, mi ò fi ṣeré: iná igbó jó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ilé wọn ní oṣù keje 2024, ilé ni wọ́n ń wá fún ara wọn báyìí.

Ìgbà tí kò rí èyí tó mú ló ní òun kọ́kọ́ fẹ́ gbìyànjú síkì náà wò ná. Mo ní, "Níbo?" Ó tọ́ka sí òkìtì yanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀ fún ilé kan lẹ́bàá odò.

Ẹ̀yin èèyàn, mo ti dàgbà, mo ti rí nǹkan. Bọ̀ọ̀dá Yìnyín yọ pákó méjì lára ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti jẹrà. Ó fi okùn àwọ̀n dè wọ́n mọ́ bàtà. Ó fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ méjì ṣe ọ̀pá. Ó gun òkìtì yanrìn, ó bò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dókè. Gbogbo ọmọdé Àgbóyì ti pé. Ó tẹ̀ síwájú, ó ti ara rẹ̀. Pákó kò mira. Yanrìn kì í yọ̀, ó gbé pákó mì ni. Ṣùgbọ́n ara ọmọ wa ti bọ́ síwájú. Bàtà kù sókè pẹ̀lú pákó, oníbàtà ti dé ìsàlẹ̀, ó fi àgbọ̀n kọ́kọ́ délẹ̀. Ọmọdé kan bú sẹ́kún. Ó ní kí bọ̀ọ̀dá tún un ṣe.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan ń tu ọkọ̀ kékeré bọ̀ láti òdìkejì. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó dúró lórí ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan kọjá, ìgbì dé, ọkọ̀ rẹ̀ gbé sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dà sọ́tùn-ún, ó dà sósì. Orí ọmọ yẹn kò mì. Ìdí rẹ̀ nìkan ló ń jó. Abọ́ ìrẹsì wà lórí rẹ̀ o! Bí Àgbóyì bá fẹ́ rán ẹnì kan lọ síkì, ẹni tó yẹ rèé. Bọ̀ọ̀dá Yìnyín, bó bá wọ ọkọ̀, àárín gbùngbùn ló máa ń jókòó sí, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó ní ti pákó kọ́ ló ṣe pàtàkì, ti òtútù ni, òtútù kò sì lè mú òun. Èyí ló gbé wa dé ilé ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Kétu. Wọ́n ní kóòdù-rúùmù tó kún fún títù, kote àti ṣáwà. Irú yàrá bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n −18 ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Mo ṣàlàyé fún ìyá pé a fẹ́ yá yàrá wọn fún ìdánwò. Wọ́n wo ọmọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, wọ́n wo kóòtù, wọ́n wo fìlà. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e wọlé."

A ka ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan. Ó tiẹ̀ ń kọrin. A ka méjì, orin dá. Kí ẹ̀kẹta tó pé, ilẹ̀kùn ń dún gbì, gbì, gbì. Nígbà tí a ṣí i, ó di páálí ṣáwà kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn bí ayò ọlọ́pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, imú mi dà?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ó ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án fún mi."

Ní Banff, lóru oṣù kìíní, −13 tàbí −14 ni ti déédéé, ìyẹn ni pé kóòdù-rúùmù yẹn gan-an tutù jù ú lọ díẹ̀. Ara rẹ̀ fẹ́ yá nígbà tó gbọ́. Mo ní kó fara balẹ̀: bí òtútù ọ̀hún bá bínú, ó ń kọjá −30. Iṣẹ́ tó sì ní òun fẹ́ ni kóun dúró síta láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kóun máa di àga wáyà mú kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè jókòó. Ìyá ẹlẹ́ja ní òtútù tó jáde nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, owó iná àwọn ni, a kò sì ní í lọ bẹ́ẹ̀ láìra nǹkan. Mo ra kílò títù kan. Bí ẹ bá fa orúkọ Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, gùn dáadáa lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń sọ: kò sí ọ̀fẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ físà tó ń bọ̀ yìí. Ètò kan wà ní Kánádà fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè, International Experience Canada. Ọmọ Australia, ọmọ Ireland, ọmọ Faransé, ọmọ Japan, wọ́n á forúkọ sílẹ̀, bí wọ́n bá mú wọn, wọ́n á gba ìwé tí wọ́n fi lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó bá wù wọ́n. Ìwé yẹn ló kún inú àwọn ìlú síkì yìí. Ìjọba pẹ̀lú ìjọba ló máa ń bára wọn dá àdéhùn rẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Mo wo orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bóyá wọ́n fi wá sáàárín San Marino àti Slovakia. Rárá.

Ọ̀nà tó kù fún irú wa kò pọ̀. Kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún gbàṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba rẹ̀ pé òun wá ọmọ ilẹ̀ òun tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, òun kò rí, kó tó lè mú àlejò. Tàbí kí èèyàn lọ kàwé, kó máa fi ìwọ̀nba wákàtí ṣiṣẹ́. Láti oṣù kọkànlá 2024, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lẹ́yìn odi ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá Yìnyín ní òun ti rí ọ̀nà kẹta: ajẹ́ntì kan ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tó ń tà. Mo ní, "Ó ń ta iṣẹ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, owó àkọ́kọ́ nìkan ló ń béèrè ná. Ẹ gbọ́ o. Òfin Alberta àti ti British Columbia kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ torí pé ó bá a wáṣẹ́. Ẹni tó bá ń ta iṣẹ́ Kánádà fún yín ní abẹ́ afárá, ẹ bi í ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi wà lábẹ́ afárá.

Ó gbé kakuletọ jáde. Èyí ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ jápa. Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní Alberta, dọ́là 15 ni fún wákàtí kan láti 2018. Ní British Columbia, ó di 17.85 ní oṣù kẹfà 2025. Ó fi iye wákàtí ọjọ́ kan lọ́po rẹ̀, ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́po rẹ̀, kò fi ọjọ́ ìsinmi sí i, ó wá fi náírà lọ́po gbogbo rẹ̀. Ó gbé fóònù sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Mo ní, "Owó ilé ńkọ́? Oúnjẹ? Owó orí? Bàtà òtútù?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Nínú ìṣirò ajápa, ìlọ́po nìkan ló wà. Àyọkúrò, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì, gbogbo wọn ló sá lọ wo bọ́ọ̀lù.

Kí wọ́n má wí pé ẹ̀gàn ni mò ń gàn án. Àwọn tiwa ti dé orí yìnyín. Ní 2018, ní PyeongChang ní Kòríà, Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Seun Adigun ló ṣíwájú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó wọ ọkọ̀ yìnyín. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, pákó ló fi kan ọkọ̀ ìdánrawò ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nílé ní Texas. Simidele Adeagbo, tí wọ́n bí ní Toronto, ń dojú bolẹ̀ lórí pákó kékeré, orí níwájú, ó ń yọ̀ lọ ní eré tó ju ti ọkọ̀ dáńfó tí bíréèkì rẹ̀ já. Ẹ ò rí i pé orúkọ bá a mu: ẹni tó bá dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó máa sìn ín délé. Samuel Ikpefan sì fi pákó rin yìnyín fún wa ní Beijing ní 2022.

Bọ̀ọ̀dá Yìnyín ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i!" Mo ní kó gbọ́ ti ará Ghana kan, Kwame Nkrumah-Acheampong. Iṣẹ́ gbígba àlejò ló ń ṣe ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kó yìnyín sí ní Milton Keynes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ síkì. Ní 2010, ó dé Whistler yìí gan-an, ó ṣojú Ghana, ó sì parí eré slalom níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí sórí yìnyín ti ṣubú, tí wọn ò parí. Ẹ kíyè sí i o: iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wá, síkì ló tẹ̀ lé e. Ọmọ wa ń fẹ́ síkì, ó ń fẹ́ fọ́tò. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, fífọ abọ́, títẹ́ bẹ́ẹ̀dì àlejò, fífi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, kò tíì bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ Ajé kó gbé abọ́ tó fi jẹun kúrò nílẹ̀. Abọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí i. Eṣinṣin ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Èmi tí mo jókòó tí mò ń bú ọmọ ọlọ́mọ yìí, ẹ má rò pé mo sàn. Bí ọyẹ́ bá dé, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ni mò ń bò, mo sì máa ń fi omi gbígbóná wẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá gbé mi dé Jos, kí wọ́n gbé pósí tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń yan ìlú.

Níwọ̀n ìgbà tó ti bi mí, mo ti dá ẹjọ́ náà. Kó lọ sí Banff. Kò ju nǹkan bíi 130 kìlómítà lọ sí Calgary, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ tó tí kò ní í ṣàìrí àmàlà jẹ lópin ọ̀sẹ̀. Omi gbígbóná kan ń sun jáde látinú àpáta níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe kọ́kọ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ọgbà. Bí imú rẹ̀ bá tún sọnù, kó lọ wá a síbẹ̀. Pabanbarì rẹ̀ ni òfin wọn: kò sí iṣẹ́, kò sí ibùgbé. Ọdún méjìlélógún ni ìyá rẹ̀ ti ń wá irú òfin yẹn, wọn ò mọ̀ pé Kánádà ló wà.

Títí físà yóò fi dé, Bọ̀ọ̀dá Yìnyín, owó ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé ṣì wà lọ́rùn ẹ. Èmi ni mo san án fún ọ, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú owó kílò títù kan.